Omi gbígbóná kọ́ ni oògùn òjò dídì

Ìyá ọlọ́mọ méjì kan kọ̀wé sí mi láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Mo gé e kúrú díẹ̀:

«Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọkọ mi ti wà ní Québec, ní Kánádà, láti ọdún tó kọjá, oko màlúù ló ti ń ṣiṣẹ́, ilé tí wọ́n fún un sì jìnnà sí ìgboro. Lóṣù tó kọjá, òjò dídì rọ̀ mọ́jú títí ó fi dé orúnkún. Ó fi odindi ọjọ́ kan kó o kúrò lọ́nà. Láti ọjọ́ kejì, ẹ̀yìn ò jẹ́ kó dìde fún ọjọ́ mẹ́rin. Èmi àtàwọn ọmọ máa tó lọ bá a. Ṣé kò sí ọ̀nà míì tí wọ́n ń gbà palẹ̀ nǹkan yìí mọ́ ni? Màmá mi ní ká máa da omi gbígbóná lé e lórí. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ṣé kí n sì gbé iyọ̀ dání láti ilé?»

Ìyàwó wa, ẹ kú àárò ọkọ. Ẹ bá mi kí màmá dáadáa, torí ohun tí wọ́n sọ yẹn gan-an ni èmi náà ṣe ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé Québec. Mo se kẹ́tùlù omi kan, mo dà á sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé. Ó ń yọ́, ó ń rú èéfín, inú mi ń dùn, mo ń sọ lọ́kàn mi pé àwọn òyìnbó yìí mà gọ̀ o, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì pa ara wọn. Mo wọlé lọ gbé kẹ́tùlù kejì. Nígbà tí mo jáde, ẹsẹ̀ kan péré ni mo gbé lé àtẹ̀gùn náà. Ìdí ni mo fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àtẹ̀gùn mẹ́ta gbáko, kẹ́tùlù ń yí lọ níwájú, èmi ń bọ̀ lẹ́yìn. Omi tí mo dà ti di gíláàsì.

Ìdí rẹ̀ kò le. Bí òtútù ìta bá ti dé dígírì 15 ní ìsàlẹ̀ òdo, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti dì gbagidi, omi tó bá yọ́ kò ríbi wọ̀ bí ilẹ̀ pupa wa ṣe ń mu omi òjò. Ibẹ̀ náà ló máa dì sí, ó sì máa le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Yàtọ̀ síyẹn, òjò dídì máa ń jẹ iná bí ẹni tí ebi ń pa. Kí kílò kan rẹ̀ tó di omi, ooru tó máa gbà tó èyí tó lè mú kílò omi kan kúrò ní dígírì 0 dé 80. Ìyẹn ni pé kẹ́tùlù kan tó ń hó yaya, díẹ̀ ni èyí tó máa yọ́ fi máa ju ìwọ̀n omi inú rẹ̀ lọ. Ẹ máa tó rí i pé òjò dídì tó wà níwájú ilé yín kì í ṣe ohun tí kẹ́tùlù lè ká.

Ọmọ Kétu ni mí, ilé ni mo sì padà sí. Ṣùgbọ́n mo lo ọdún 14 ní agbègbè Beauce, ní gúúsù ìlú Québec, mo sì fi 9 nínú rẹ̀ bá ọkùnrin kan tó ń gba iṣẹ́ òjò dídì kíkó ṣiṣẹ́. Aago mẹ́ta òru ni wọ́n máa ń pè wá, ká lè la ọ̀nà kí àwọn èèyàn tó jí lọ síbi iṣẹ́. Nítorí náà, ohun tí ọwọ́ mi ti ṣe ni mo fẹ́ sọ.

Ohun tó dá ọkọ yín dùbúlẹ̀, ìwúwo ni. Òtútù ò lọ́wọ́ sí i. Nǹkan náà máa ń tan ojú jẹ: ó funfun, ó fúyẹ́ bí òwú igi àràbà, ẹ fẹ́ ẹ, ó fò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ọ̀nà láti títì dé ẹnu ilé yín gùn tó mítà 30, ó fẹ̀ tó mítà 3, òjò dídì tó wà lórí rẹ̀ sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 30. Mítà kúbù 27 nìyẹn. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, tó sì gbẹ, mítà kúbù kan rẹ̀ lè wọn nǹkan bí kílò 100. Gbogbo rẹ̀ wá di kílò 2,700, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì 54. Tó bá jẹ́ èyí tí omi ti rin, tó wọn kílò 300 ní mítà kúbù kọ̀ọ̀kan, àpò sìmẹ́ńtì 162 lẹ fẹ́ gbé kúrò lọ́nà yẹn. Àwọn lébìrà tó ń da dẹ́ẹ̀kì ní Àjàṣẹ́ gan-an, ẹ kò ní rí ẹnì kan ṣoṣo láàárín wọn tó máa gbà láti dá 162 gbé lóòjọ́. Ọkọ yín ló dá a ṣe, kò sì tíì jẹun àárọ̀ dáadáa, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra.

Ẹ lè fọwọ́ mọ irú èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un. Bó bá tú ká bíi gàrí gbígbẹ, ẹ dúpẹ́. Bó bá dì mọ́ra bí òkèlè iyán, tí omi sì ń ro níbẹ̀, ìdajì ṣọ́bìrì ni kí ẹ máa bù, kí ẹ sì máa sinmi lọ́pọ̀ ìgbà. Ti oṣù Jánúárì máa ń fúyẹ́ torí òtútù mú gan-an nígbà náà. Èyí tó ń rọ̀ ní ìparí oṣù Máàṣì, tí ojú ọjọ́ ti ń sún mọ́ òdo, òun ni apani.

Àṣìṣe tó tóbi jù tí àlejò máa ń ṣe ni pé ó máa ń dúró kí ó rọ̀ tán. Nílé wa, a kì í gbálẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀, àwa náà wá gbé ọgbọ́n yẹn débẹ̀. Ìdàkejì rẹ̀ ni kí ẹ ṣe. Bó bá ti ga tó ìka ọwọ́, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ jáde, kí ẹ tì í kúrò, kí ẹ padà wọlé. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ẹ tún jáde. Iye kan náà lẹ máa kó lápapọ̀, ṣùgbọ́n fúlẹ́fúlẹ́ ni yóò wà, bí ẹni ń gbá ìyẹ̀fun. Bí ẹ bá jẹ́ kó sùn mọ́jú, ó ti tẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, atẹ́gùn ti gbá a mọ́ra, bí ọkọ̀ bá wá gun orí rẹ̀, òkúta ni ẹ ń bá jà. Ní ìlú Québec, nǹkan bíi mítà mẹ́ta ló máa ń rọ̀ lápapọ̀ lọ́dún kan. Ẹni tó bá ń dúró kó rọ̀ tán, oṣù Épírì ló ń dúró dè.

Nígbà tí ìjì bá ti lọ, níbo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀? Gbogbo èèyàn máa sáré lọ sídìí ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ rìn yí ilé ká. Ilé ibẹ̀ ń mí. Lára ògiri, ẹ máa rí páìpù funfun méjì tàbí mẹ́ta tó yọrí síta: ti ẹ̀rọ amúlégbóná, ti ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, ti atẹ́gùn. Àwọn kan kò ga ju itan lọ. Bí òjò dídì bá bo páìpù ẹ̀rọ amúlégbóná, èéfín tó yẹ kó jáde máa padà sínú ilé. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, orí fífọ́ àti èébì ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì sùn lè má jí mọ́. Monoxyde de carbone ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ bi ọkọ yín bóyá ẹ̀rọ kékeré tó ń ké nígbà tó bá gbọ́ èéfín yìí wà nítòsí yàrá tí ẹ máa sùn. Bí kò bá sí, kó rà á kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú, kò wọ́n.

Èmi fúnra mi ti dí páìpù yẹn rí. Ọdún kẹta mi ni. Mo ń kó òjò dídì, mo ń jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri torí ibẹ̀ ló sún mọ́ mi, mo ń kọrin lọ. Nígbà tí mo wọlé, ilé ti ń tutù. Ẹ̀rọ náà ti pa ara rẹ̀ torí kò rí èémí mí mọ́. Ọlọ́run ló ṣe é pé ẹ̀rọ tuntun ni, irú wọn ló máa ń pa ara wọn bẹ́ẹ̀. Mo fi ọwọ́ gbẹ́ páìpù yẹn jáde ní òru, mo sì ń bú ara mi ní Yorùbá àti ní Faransé.

Ọ̀rọ̀ èéfín yìí náà ló mú kí n sọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́. Bí iná bá lọ, tí òtútù mú, ẹ má gbé ìkòkò èédú wọlé láé, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ilé tiwa nílé, atẹ́gùn ń gba abẹ́ páànù wọlé. Tiwọn dí pinpin. Ní oṣù Jánúárì ọdún 1998, òjò tó ń dì mọ́ ohun tó bá bà lé lórí rọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan ní gúúsù Québec. Yìnyín fa wáyà já, ó wó àwọn òpó irin ńláńlá, iná lọ nílé àwọn oníbàárà iléeṣẹ́ iná tó lé ní mílíọ̀nù kan. Ní àwọn abúlé kan, ó lé ní oṣù kan kó tó padà. Àwọn tí èéfín ẹ̀rọ iná àti ti ààrò pa nínú ilé wà lára àwọn tó kú nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ilé abúlé ní igi ìdáná nípamọ́, àti ààrò onísímínì tí wọ́n máa ń yẹ̀ wò lọ́dọọdún.

Lẹ́yìn páìpù, ẹnu ọ̀nà méjèèjì ni kí ẹ là, iwájú àti ẹ̀yìn. Bí iná bá sọ nílé, ẹ ò ní lè fi ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ṣe é. Ibẹ̀ lẹ tó wá lè lọ sídìí ọkọ̀. Kí ẹ tó tan án, ẹ gbẹ́ ìdí rẹ̀ níbi tí páìpù èéfín wà. Mo ti rí ẹni tó tan ọkọ̀ kó lè gbóná, tó fi ọmọ sínú rẹ̀, tó wá ń kó òjò dídì níta, páìpù sì ti rì sínú òkìtì. Ìyàwó rẹ̀ ló sáré jáde tó ń pariwo. Ẹ gbá orí ọkọ̀ náà mọ́ pẹ̀lú, kì í ṣe gíláàsì iwájú nìkan. Bí ẹ bá gbé òkìtì lórí wọ títì, ojú ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa bọ́ sí, ọlọ́pàá sì máa dá yín dúró. (Táyà ìgbà òtútù náà, òfin ni ní Québec láti 1 oṣù Dìsẹ́ńbà sí 15 oṣù Máàṣì. Ẹ má rò pé èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ nígbà tí wọ́n tà á ti tó.)

Nípa ọwọ́ àti ẹ̀yìn: ẹ máa ti òjò dídì, ẹ má máa gbé e. Wọ́n ń ta ohun kan tí wọ́n ń pè ní pelle-traîneau, ó fẹ̀, ó jìn, irin gígùn méjì ló fi ṣe ọwọ́, ẹ máa tì í lọ bí àwọn ọmọkùnrin ṣe ń ti púsúpúsù ní ọjà Ouando. Ó kó bí ṣọ́bìrì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn yín kò sì ní tẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti gbọ́dọ̀ gbé e, orúnkún ni kí ẹ tẹ̀, kí ṣọ́bìrì sún mọ́ ikùn, kí gbogbo ara àti ẹsẹ̀ yí sí ibi tí ẹ fẹ́ dà á sí. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ tó wá ń fi ìbàdí nìkan yí, tó ń jù ú gba orí èjìká, òun ni ọkọ yín. Ẹ dárí jì mí, n kò rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́rin ló sọ ọ́ fún mi.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù wà níbí. Òtútù máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún, iṣẹ́ ọwọ́ òkè sì ń mú kí ọkàn sáré, àwọn méjèèjì pàdé láàárọ̀ kùtù nígbà tí ara kò tíì yá. Lọ́dọọdún ni àwọn ọkùnrin ń ṣubú lulẹ̀ tàwọn ti ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ láàárín àwa ará ibí, ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ̀ pé a ní in. Kí ọkọ yín lọ wọn tirẹ̀. Kó rìn káàkiri inú ilé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó jáde, kó máa sinmi, kó má mu ọtí sódábì láti fi gbé ara gbóná. Bí àyà bá ń fún un, tí ìrora gba apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bọ̀, kó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, kí ẹ pe 911. Kó má sọ pé òun á kọ́kọ́ parí èyí tó kù.

Aṣọ: kí ẹ wọ mẹ́ta fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lórí ara wọn, dípò kóòtù ńlá kan. Òógùn ló ń dá òtútù sí èèyàn lára. Kí ìbọ̀wọ́ jẹ́ méjì, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó bá tutù.

Ibi tí ẹ máa dà á sí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe máa kó o lọ, àwọn àlejò kì í sì rò ó. Ẹ má dà á sí apá tí atẹ́gùn ti ń wá, torí ó máa gbé e padà fún yín láàárín wákàtí kan, bí eruku ọyẹ́ ṣe ń padà sórí tábìlì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà, ẹ lọ dà á sí ọ̀ọ́kán, kí ẹ má fi sí etí ọ̀nà, torí òkìtì yẹn kò ní lọ, ńṣe ló máa ń ga sí i. Bó bá fi máa di oṣù Fẹ́búárì, ọ̀nà ẹni tí kò ronú a ti fún débi pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ kò ṣí mọ́. Ẹ má sì tì í sọdá títì tàbí sórí títì, òfin kọ̀ ọ́. Mo ṣe é rí, òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú kan wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìwà pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé iye tí màá san bí mo bá tún un ṣe. N kò tún un ṣe.

Katakata ìjọba tó ń la títì ní tirẹ̀, ẹ máa bá a ṣọ̀tá, mo sọ fún yín. Ẹ ti gbá ẹnu ọ̀nà mọ́ tónítóní, òun á kọjá, á sì fi ògiri kan dí i fún yín, lílekoko, gbogbo òkúta yìnyín tó kó bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Kò sí ẹni tó lè dá a dúró, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà yín, kí ẹ kọjú sí títì. Ọwọ́ òsì ni katakata ti ń bọ̀, torí apá ọ̀tún ni wọ́n ń wà níbẹ̀ bíi tiwa. Ẹ gbẹ́ àyè fífẹ̀ kan sí etí títì ní apá òsì yẹn, kí ó tó débi ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni yóò da ẹrù rẹ̀ sí. Èyí tí ẹ̀yin bá sì kó, apá ọ̀tún ni kí ẹ máa dà á sí. Kò ní gbà yín lọ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa dín in kù dáadáa.

Bí ọ̀nà yín bá gùn, kí ọkọ yín bá oníkatakata àdúgbò ṣàdéhùn ní oṣù Ọ̀wàrà, kí òtútù tó dé. Lẹ́yìn ìjì àkọ́kọ́, kò ní rẹ́ni gbà á. Kó sì ri ọ̀pá gígùn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì kí ilẹ̀ tó dì, torí nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá funfun, ẹ ò ní mọ ibi tí ọ̀nà pin sí, ibi tí kòtò ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tirẹ̀, èyí tó ń fẹ́ òjò dídì dànù, souffleuse, ohun kan ṣoṣo ni kó fi sọ́kàn: bí ẹnu rẹ̀ bá dí, kó pa á, kó dúró kí irin inú rẹ̀ dáwọ́ dúró pátápátá, kó fi igi tú u. Kó má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kódà bó ti kú, torí irin tó há ṣì lè yí lójijì. Mo mọ ọkùnrin méjì tí ìka wọn kò pé mẹ́wàá mọ́.

Òrùlé, kó má gùn ún. Ọ̀pá gígùn kan wà bí èyí tí a fi ń já mángòrò, ilẹ̀ lèèyàn máa ń dúró sí láti fi wọ́ òjò dídì bọ̀. Bí ẹ bá rí i tí ilẹ̀kùn inú ilé kò padé dáadáa mọ́, tàbí tí ògiri ṣẹ̀ṣẹ̀ là, òjò dídì orí òrùlé ló ti wúwo jù, ẹ jáde, kí ẹ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwọn ọmọ máa fẹ́ràn gbogbo èyí jù yín lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣeré, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé ni. Wọ́n máa rí òkìtì ńlá létí títì, wọ́n máa fẹ́ gbẹ́ ihò sínú rẹ̀ bí òkété. Ihò yẹn lè ya lù wọ́n, ẹni tó ń wa katakata kò sì lè rí ọmọ tó wà nínú rẹ̀. Kí ẹ sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, kí ẹ sì tún un sọ. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé kí wọ́n má fi ahọ́n lá irin níta, torí ó máa lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n máa ṣì lá a, ṣùgbọ́n ẹ ti sọ.

Ó ku ti iyọ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n ń dà á sílẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí yìnyín yọ́. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ ju nǹkan bíi dígírì 10 ní ìsàlẹ̀ òdo lọ, agbára rẹ̀ ti pin, yanrìn lẹ máa fọ́n kí ẹsẹ̀ lè di ilẹ̀ mú. Bí ẹ bá ní ààrò onígi, eérú inú rẹ̀ náà dára, kí ó kàn ti tutù pátápátá. Iyọ̀ yẹn wà nínú àpò ńlá níbi gbogbo tí wọ́n ti ń ta irin iṣẹ́, kò sì wọ́n. Kílò mẹ́tàlélógún péré ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú sábà máa ń gbà fún àpò kan. Gàrí Savalou ni kí ẹ fi kún un.